Ìwádìí Tí Mo Gbé Lọ sí Àgbádárìgì

Ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìpè sí ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni bàbá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kò ní fẹ́ káfíńtà. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Wọn kò sọ pé iṣẹ́ káfíńtà kò dára. Àwọn fúnra wọn ló máa ń júwe ọmọkùnrin náà fún àwọn tó ń kọ́lé, tí wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń kan òrùlé bíi tirẹ̀ láti Ọjọ́ títí dé Iba. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Ègùn ni, pé àwọn kò mọ ìdílé rẹ̀, àti pé àwọn kò gbọ́ èdè wọn débi tí àwọn á fi mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ní ọkùnrin tí wọ́n gbà kó gun orí ilé olówó, wọn kò wá gbà kó wọ yàrá àlejò tiwọn. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ òrùlé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ.

Búlọ́ọ̀kù ni bàbá mi ń mọ ní Okokomaiko. Láti ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ṣe lébìrà títí wọ́n fi ra irin tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù tiwọn. Ìgbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ni iṣẹ́ náà tó di iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé. Katakata ń tú ilẹ̀ níwájú wa láti fẹ títì Àgbádárìgì, eruku rẹ̀ sì ń bà lé ọbẹ̀ wa. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó kún fún sìmẹ́ǹtì tò lọ rẹrẹẹrẹ lórí òkun, síbẹ̀ sìmẹ́ǹtì wọ́n bí ojú. Mi ò rí àwọn ọkọ̀ náà. Èyí tí mo rí ni pé àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lápá ọ̀tún àti lápá òsì wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹ̀pẹ̀ kún tiwọn.

Èmi wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà náà, mo sì wá sílé fún ìsinmi. Ìpàdé tí wọ́n pè mí sí, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ni, lórí bí a ṣe lè máa gbé pọ̀ láìfi ti ẹ̀yà ṣe. Ogun abẹ́lé ti parí ní ọdún mélòó kan ṣáájú, àwọn àgbà sì fẹ́ràn láti máa kó àwa ọmọdé jọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ mi kan ló yàn mí. Kò yàn mí nítorí pé mo lè sọ̀rọ̀. Ó ní n kì í tètè gba nǹkan gbọ́, ó sì dáa kí irú mi kan wà níbẹ̀.

Mo ka ìwé náà sí bàbá mi létí níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi dé ibi tí orúkọ ìlú wà.

"Níbo ni wọ́n pè é?"

"Àgbádárìgì ni, Bàbá."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

Wọ́n wẹ̀yìn wò bóyá ìyá mi wà nítòsí. "Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn káfíńtà wà."

"Ẹ ti ní ẹ ò gbà, Bàbá."

"Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ò mọ nǹkan, báwo ló ṣe fẹ́ gbà á? Ìwọ lò ń kàwé. Bá mi lọ mọ̀ wọ́n."

Ní ìdílé wa, a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. A ó rán ẹnì kan lọ sí ìlú àwọn àna láti lọ fọgbọ́n wádìí bóyá àìsàn kan ń tọ ìdílé náà lẹ́yìn, bóyá olè tàbí wèrè wà níbẹ̀, bóyá ìyàwó máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. A kì í bi àwọn ẹbí fúnra wọn. Aládùúgbò la máa ń bi. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló máa ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa, ṣùgbọ́n bàbá mi ní tí àwọn bá rán an, gbogbo Okokomaiko á ti gbọ́ kó tó wọ ọkọ̀. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó mú ìwé àti bírò dání lè bi ọba pàápàá ní ohun tó jẹ lánàá, wọ́n á kàn rò pé ìjọba ló rán an.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń sá aṣọ.

"Wọ́n ní o ti di ọlọ́pàá inú."

"Ta ló sọ fún yín, Àǹtí mi?"

"Màámi ni. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ o. Má fi kún un."

"Mi ò ní fi kún un."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Èèyàn tí wọ́n bi pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jáde lọ wò ó." Ó bá mi na ẹ̀wù kan sórí okùn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: "Bí wọ́n bá tún ní rárá lẹ́yìn tí o bá dé, mi ò ní bá wọn jà. Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn."

Mo ní màá gbìyànjú.

Bọ́lẹ̀kájà ni mo wọ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó bi mí bóyá ìjọba tún fẹ́ kà wá ni. Mo ní rárá, ìpàdé ni mò ń lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Èyí tí ẹ kà níjọ́sí, ilé wa ni ẹ fò." Gbogbo ohun tí mo sọ pé mi ò sí lára àwọn tó kà wá, kò gbọ́. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ka gbogbo ará ilé rẹ̀ fún mi, ó sì dúró títí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni ìpàdé náà ti wáyé, kò sì jìnnà sí ọ̀sà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí oníkálukú dìde sọ bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe ń ṣe sí àlejò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ìlà-oòrùn ní àlejò ni ọba nílùú àwọn. Ọ̀kan láti òkè ọya ní àwọn kì í bi àlejò ní ibi tó ti wá títí yóò fi jẹun yó. Ará Ìjẹ̀bú kan ní àwọn kì í ṣe ẹ̀tanú rárá, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: bí gbogbo ìlú bá rí báyìí, kí la wá ṣe níbí? Nígbà tó kàn mí, mo ní mi ò tíì ní ẹ̀rí tó. Alága ní kí n jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà wọ́n mú wa kiri ìlú. Wọ́n fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ hàn wá, wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ wa. Mo bi ẹni tó ń mú wa kiri bí wọ́n ṣe mọ̀. Ó ní, "Ìwọ náà wò ó. Ṣé o rí èyí tó gbó jù ú lọ?" Mi ò rí i. Mo gbà pé ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n fún wa láyè láti sinmi. Mo lọ sí àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n mi ti júwe fún mi, lẹ́bàá ọ̀sà. Obìnrin kan ń yan ẹja níwájú ilé. Mo kí i, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ń kọ̀wé nípa bí àwọn ìdílé ṣe ń gbé ní àdúgbò náà. Mo wá dárúkọ ìdílé káfíńtà. Ó ní, "Èèyàn àlàáfíà ni wọ́n. Wọn kì í jà. Wọn kì í ṣàìsàn. Ìyàwó tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Òun náà ní èèyàn àlàáfíà ni wọ́n, wọn kì í jà, wọn kì í ṣàìsàn, ìyàwó tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde. Mo wo ìwé mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó sì tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta, ẹni tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́, mi ò tíì bi í ní nǹkan kan tó fi ní, "Kò sì sí wèrè níbẹ̀."

Èmi ò dárúkọ wèrè fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo àdúgbò náà. Ojú ń tì mí láti béèrè ìyẹn.

Bí mo ṣe dúró tí mò ń ronú lórí rẹ̀ ni alátùn-ún-ṣe àwọ̀n dé lẹ́yìn mi. Ó ní Ìyá Àgbà ní kí n wá jẹun.

Ìyá arúgbó kan ló jókòó lórí àpótí nínú àgbàlá, tó ń rin àgbọn. Ìyá tó bí bàbá káfíńtà ni. Yorùbá wọn dá ṣáká, àfi pé ó máa ń lọ sókè níbi tí tiwa ti máa ń lọ sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, yẹ̀pẹ̀ á ba aṣọ rẹ jẹ́. Ìwọ ni ọmọ oníbúlọ́ọ̀kù."

"Èmi ni, Ìyá. Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé nípa gbogbo àdúgbò, tó wá jẹ́ ìdílé kan ṣoṣo ló ń béèrè. Ẹja tí obìnrin yẹn ń yan ò tíì yí padà lórí iná tí mo ti gbọ́. Ìyàwó ọmọ mi ni. Ẹni tó mú ẹ wá yìí, àbúrò mi ni. Ẹni tó wà nídìí kẹ̀kẹ́, èmi ni mo bí i."

"Mo rò pé aládùúgbò yín ni wọ́n, Ìyá."

"Aládùúgbò kẹ̀? Ọ̀sà nìkan ni aládùúgbò wa."

Àwọn tó wà nínú àgbàlá rẹ́rìn-ín, alátùn-ún-ṣe àwọ̀n sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Mo rí àṣìṣe mi kedere. Ní Okokomaiko, ibi kọ̀ọ̀kan ni oníkálukú ti wá. Ẹni tó fara ti ògiri rẹ kò bá ẹ tan, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọ́ ẹ, tí yóò sì sọ gbogbo ohun tó rí láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́. Mo ti gbé ọgbọ́n Okokomaiko wá sí ibi tí gbogbo ojúlé ti jẹ́ ọmọ bàbá kan náà.

Ìyá Àgbà nawọ́ sí ìdí ìkòkò omi. "Ṣé o mọ nǹkan yẹn?"

Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án kan ni wọ́n gbé ìkòkò náà lé. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Irin bàbá mi ti tẹ̀ díẹ̀ ní igun kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá sì jáde nínú rẹ̀ ló máa ń ní àmì náà.

"Ti bàbá mi ni."

"Àwa náà ń wádìí. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ fún wa, a rán èèyàn lọ bi àwọn aládùúgbò yín. Ẹni mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan ní bàbá rẹ le bí òkúta, ọ̀kan ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìkẹta ń sọ ti ìjà tí wọ́n jà nítorí omi. A ní kí a kúkú gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá ká wò ó. Sìmẹ́ǹtì wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń rẹ́ni jẹ, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, omi ń kán sí i lójoojúmọ́."

"Kí ló wá hàn, Ìyá?"

"Búlọ́ọ̀kù ò ní wàhálà. Ẹni tó ṣe é la ò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀." Wọ́n gbé àgbọn sílẹ̀. "Àwọn obìnrin wa tó ń wọkọ̀ lọ tajà lọ́dọ̀ yín máa ń ru ẹja kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n máa ń kí i. Wọ́n ní kì í dá àwọn lóhùn. Ṣé ó kórìíra wa ni, àbí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

Ìdáhùn kan wà lẹ́nu mi tó rọrùn, òótọ́ sì ni. Mo sọ ọ́. "Ìyá, bàbá mi máa ń ka búlọ́ọ̀kù láràárọ̀ kí oòrùn tó mú. Bí wọ́n bá dáhùn, iye á sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Bí ará Ọ̀yọ́ bá kí i ńkọ́? Ṣé iye kì í sọnù ni?"

Mo ronú sí i. Mo ti rí i lójú ara mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú. Bí mo bá ní rárá, kò sí ẹni tó lè já irọ́ mi.

"Ó máa ń sọnù, Ìyá. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rò pé mo ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá, mo wá fi ìyókù kún un, nítorí òun náà jẹ́ òótọ́. "Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ̀rọ̀ yín láìdáa nínú ilé. Mi ò sì rí i rí kí wọ́n kí yín. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Mi ò mọ èyí tó wà nínú wọn."

Ìyá Àgbà fi Ègùn sọ nǹkan kan. Mo bi alátùn-ún-ṣe àwọ̀n ní ohun tí wọ́n wí.

"Wọ́n ní ká ní o jẹ́ obìnrin, ìwọ la ò bá fẹ́."

"Látàárọ̀," ni Ìyá Àgbà wí, "gbogbo ẹni tó lanu ní àdúgbò yìí ló parọ́ fún ẹ nítorí tèmi. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ òótọ́. Mú bírò rẹ. Ìyàwó méjì ti jáde níbí. Ọ̀kan, ọmọ wa ló sá lọ sí Kùtọnu tí kò padà. Èkejì, èmi ni mo lé e, n kò sì ṣe dáadáa. Kọ ọ́ sílẹ̀. Kí o wá sọ fún bàbá rẹ pé àwa náà ò tíì gbà."

Wọ́n fún mi ní ẹja àti ẹ̀bà, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tá a jọ jókòó, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ará ìlà-oòrùn ní ní ìlú àwọn, odidi ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa ń rán. Ará òkè ọya ní àwọn àǹtí òun ti wádìí ìdílé kan títí ọmọbìnrin náà fi lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ará Ìjẹ̀bú ní kí a má jẹ̀ẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé náà nìyẹn, kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ alága.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo délé. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́, wọ́n ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù tuntun.

"Kí lo rí?"

Mo ṣí ìwé mi. "Wọ́n ní wọn kì í jà, wọn kì í sì í ṣàìsàn. Mi ò lè gbára lé ìyẹn, ẹbí ni gbogbo àwọn tó sọ ọ́. Ìyàwó méjì ti jáde níbẹ̀. Ìyẹn ni mo gbàgbọ́, ìyá wọn àgbà ló fẹnu ara wọn sọ ọ́."

"Wọ́n fẹnu ara wọn tú àṣírí ilé wọn fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé mo sọ tiwa."

Wọ́n gbé garawa omi sílẹ̀. Mo sọ ti búlọ́ọ̀kù fún wọn.

"Ó sán?"

"Kò sán."

"Kò lè sán," ni wọ́n wí, ó sì hàn pé inú wọn dùn. Mo wá sọ ìbéèrè tí Ìyá Àgbà béèrè, mo sì sọ ìdáhùn mi, méjèèjì. Inú dídùn náà lọ kúrò lójú wọn.

"Èmi ni wọ́n ń wádìí? Èmi tí mo ti wà níbí kí katakata tó mọ̀nà?"

Wọ́n rìn lọ dé ìdí yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì padà. "Ìdílé tí kò bá ka ọmọ rẹ̀ sí, kì í wádìí ẹni," ni wọ́n wí, ó jọ pé ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. "O sì sọ fún wọn pé mo máa ń tún un kà fún ará Ọ̀yọ́."

"Mo sọ ọ́, Bàbá."

"Ta ló ní kí o sọ ìyẹn?"

"Wọ́n bi mí ni."

Wọ́n gbé garawa wọn, wọ́n sì ń wọ́n omi lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, ó sì wo ojú wọn. Ó kàn gbé oúnjẹ fún mi, ó lọ jókòó sínú yàrá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń fọ ẹnu níwájú ilé nígbà tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja dé. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n. Bàbá mi ti ka búlọ́ọ̀kù dé àárín, ìka wọn ṣì wà lórí èyí tí wọ́n kà dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni ẹni tó ṣáájú wí, bí ẹni tó ń kí igi.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọjà."

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn yàtọ̀ sí katakata. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Ẹni tó gbẹ̀yìn lára wọn, tó kéré jù, wo ìka bàbá mi tó ti kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀ẹ́ tún un kà."

Ó hàn pé gbogbo Àgbádárìgì ló ti gbọ́. Mo rò pé bàbá mi máa bínú. Wọ́n wo búlọ́ọ̀kù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

"Màá tún un kà," ni wọ́n wí. "Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé mo dáhùn. Mi ò tíì ní mo gbà o. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ká jọ wo ara wa."

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ dúró, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ojú kan náà tó ti gbá tẹ́lẹ̀ ló sì ń gbá.